Wọ́n Ń Gbin Èébu ní IITA: Kí Ló Kan Ọlọ́jà Níbẹ̀?

 

Gbogbo àwa tá à ń ta àgbàdo àti ẹ̀pà la mọ èébu, ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń bo ọjà tí kò bá gbẹ. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá wọ mọ́tò ní Ṣàngó, tẹ́ ẹ gba Yunifásítì àti Òjóò kọjá, ẹ ó dé IITA, níbi táwọn onímọ̀ ti ń fọwọ́ ara wọn gbin èébu yìí.

Aspergillus flavus lorúkọ rẹ̀. Inú ilẹ̀ oko ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń ba àgbàdo jẹ́ lórí ìdúró. Àwọn kan nínú rẹ̀ máa ń pọ oró tí wọ́n ń pè ní aflatoxin sínú oúnjẹ. Ẹ̀ ń sè é, ẹ̀ ń yan án, oró ọ̀hún ò ní tìtorí iná kúrò tán. Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Lọ́dún 2004, àgbàdo olóró pa èèyàn 125 ní Kenya.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbìn ín? Wọ́n á lọ àgbàdo tó ti oko wá, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á wá fi díẹ̀ sórí oúnjẹ kan tó dì bí ẹ̀kọ tútù nínú àwo pẹlẹbẹ onídèérí. Wọ́n á gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, èébu á hù. Wọ́n á wá yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ èyí tó lóró àtèyí tí kò lóró.

Oríṣi mẹ́rin tí kò lóró, tó jẹ́ ti ilẹ̀ Nàìjíríà níbí, ni wọ́n yàn. Wọ́n fi bo ọkà bàbà tí wọ́n ti yan kó má baà hù. Òun ni Aflasafe, tí NAFDAC fọwọ́ sí lọ́dún 2014. Àgbẹ̀ á fọ́n kìlógíráàmù 10 sórí hẹ́kítà kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó. Èyí tí kò lóró á ti gbalé kí olóró tó dé. Ẹ̀gún la fi ń yọ ẹ̀gún. Oró inú ọjà sábà máa ń dín kù ju ìdá 80 nínú 100 lọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiwa ṣì wà ńlẹ̀. Ẹ sá ọjà kó gbẹ dáadáa. Ẹ tẹ́ pákó sábẹ́ àpò, ẹ má gbé e lé ilẹ̀ lásán. Ẹ ṣa èyí tó bu àtèyí tó hunjọ kúrò.

Ibi tó le rèé: èyí tá a ṣà kúrò yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á ní ẹ̀dínwó fún oníkúlíkúlì tàbí olóúnjẹ adìyẹ. Ẹ rì í mọ́lẹ̀. Owó kóńgò mélòó kan ò tó ẹ̀dọ̀ ọmọ ọlọ́mọ, àwọn ọmọ tiwa náà sì ń jẹ kúlíkúlì.

Bẹ́ ẹ bá tún lọ ra ọjà lóko, ẹ bi àgbẹ̀ yín bóyá ó lo Aflasafe. Ohun tí oníbàárà bá ń béèrè ni àgbẹ̀ ń wá.