Síìlì Ṣáfúù Katakata Kékeré: Ìtọ́jú àti Pípààrọ̀

Ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Freudenberg, àwọn oníṣẹ́ awọ ní Weinheim ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi awọ ṣe síìlì, òrùka tó ń dá ọ́ìlì dúró lẹ́nu ṣáfúù, ní 1929. Nígbà tó fi di 1936, wọ́n ti ń fi rọ́bà ṣe é.

Àmì. Ẹnu ṣáfúù PTO lẹ́yìn, èyí tó ń fi agbára ẹ́ńjìnnì yí irinṣẹ́, àti ẹnu ṣáfúù táyà ló sábà máa ń jò. Bí eruku bá ń lẹ̀ mọ́ ìdí PTO, tí ọ́ìlì sì rin inú ríìmù, síìlì ti ń lọ nìyẹn. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú gíà. Ẹ dà á nù kíákíá.

Ohun tó ń bà á jẹ́. Okùn àpò, okùn ọ̀rá àti koríko gbígbẹ ni olórí ọ̀tá: wọ́n á wé mọ́ ṣáfúù, wọ́n á wọ abẹ́ síìlì, wọ́n á gé ètè rọ́bà. Ihò tí gíà fi ń mí ló tẹ̀ lé e. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, afẹ́fẹ́ gbígbóná inú rẹ̀ á máa ti ọ́ìlì gba ẹnu síìlì jáde. Ẹ mi ṣáfúù wò pẹ̀lú. Bí ó bá ń jó, bẹ́ríǹ ti jẹ, síìlì tuntun kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Rírà. Nọ́ḿbà ara síìlì ni kí ẹ mú lọ sí ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí Gate n'Ìbàdàn, kì í ṣe orúkọ katakata nìkan. 35-52-7 ni ṣáfúù mílímítà 35, ihò ilé síìlì 52, nínípọn 7. Ẹ béèrè TC tó ní ètè méjì; SC kò ní ètè tó ń dènà eruku. Rọ́bà nitrile ń gba ooru tó 100°C, ó tó fún gíà. Rọ́bà Viton ń gba bíi 200, àmọ́ àṣejù ni lóko. Síìlì tòkunbọ̀? Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó tà á.

Pípààrọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ fi òkúta há táyà. Ẹ nu ìdí ṣáfúù kí ẹ tó da ọ́ìlì sínú bàsíà mímọ́. Ẹ wọn bí síìlì àtijọ́ ṣe jìn sí, kí ẹ tó yọ ọ́. Irin kò gbọdọ̀ ha ṣáfúù. Ẹ fi èékánná gba ojú ṣáfúù. Bí ó bá kọ́ díẹ̀, ẹ fi sáńpépà 400 yí i ká. Bí kòtò bá jìn, tí àyè sì wà, ẹ jẹ́ kí síìlì tuntun yàtọ̀ sí ibi àtijọ́ ní mílímítà 1 tàbí 2, kí ètè rẹ̀ bọ́ sí ojú irin tó dán. Èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Owó ṣáfúù tuntun kò ṣeé fi ẹnu sọ. Eyín mẹ́fà PTO lè ya rọ́bà, nítorí náà ẹ fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà bò wọ́n, kí ẹ fi gíríìsì pa ètè síìlì. Ojú tó ní sípíríǹgì ló ń kọ sí ọ́ìlì. Ẹ gbé pákó pẹlẹbẹ lé e, kí ẹ fi òòlù lù ú yípo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ẹ bá wá ń da ọ́ìlì padà sínú gíà, kò gbọdọ̀ kọjá àmì.

Láàárín ọdún. Ọ̀pẹ sí Èrèlé: ẹ nu eruku ọyẹ́, ẹ la ihò èémí gíà. Ẹrẹ́nà: ẹ pààrọ̀ èyí tó ń jò kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Igbe sí Agẹmọ: ẹ má fi omi alágbára fọ ẹnu síìlì. Ògún: ẹ yẹ ọ́ìlì wò. Lẹ́yìn ìyẹn títí di Bélú, tí ẹ bá ń gé koríko, ẹ gé ohun tó wé mọ́ ṣáfúù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. PTO tó ń yí 540 ní ìṣẹ́jú kan ń yí ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì pátápátá kí ẹ tó na ọ̀bẹ sí i.