Kàyéèfì! Ó yé ẹyin mẹ́ta, ó tún bí ọmọ láàyè nínú oyún kan ṣoṣo

Adìẹ ń yé, ewúrẹ́ ń bí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá ayé, kò sì sẹ́ni tó ń bá Elédùmarè jiyàn lórí ẹ̀. Àmọ́ lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ẹranko kékeré kan wà tó ń ṣe méjèèjì, ohun tí wọ́n kéde lọ́dún 2019 pé ó ṣe sì ya àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá lẹ́nu.

Ìbátan aláǹgbá ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kófìrí ẹ̀ lójijì á pariwo ejò. Ara ẹ̀ gùn gbọọrọ, ó ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi òróró pa á, ikùn ẹ̀ sì pupa rúsúrúsú bí ọsàn tó pọ́n. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní o, àmọ́ ẹ gbọ́ irú ẹsẹ̀: tín-ín-tìn-ín báyìí, ìka mẹ́ta péré ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ ilẹ̀ rírọ̀, abẹ́ òkúta àti ìtì igi tó ti jẹrà ló ń gbé. Ẹni tó ń fi àyà fà nínú erùpẹ̀, kí ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ gígùn ṣe? Ṣebí yóò kàn máa há a lọ́nà ni. Tílẹ̀ bá ṣú ló ń wá kòkòrò jẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn rèé. Àwọn tó ń gbé lágbègbè ìlú Sydney, létí òkun, ẹyin ni wọ́n ń yé. Nǹkan bí ọjọ́ 15 lẹ́yìn náà, ọmọ á yọ. Àmọ́ àwọn tó wà lórí òkè tó tutù níhà àríwá ìpínlẹ̀ New South Wales kì í yé rárá. Inú ìyá lọmọ ń wà títí á fi gbó. Tó bá jáde, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá ló máa ń wé mọ́ ọn lára, á sì ya á kí ọjọ́ kejì tó kọjá. Ẹ̀yà kan náà ni wọ́n o! Nínú gbogbo aláǹgbá àti ìbátan wọn tó wà láyé, ẹ̀yà mẹ́ta péré ni wọ́n mọ̀ tó ń ṣe báyìí.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ lẹ máa mọ̀ pé kò sí èyí tó rọrùn níbẹ̀. Èyí tó yé ti sọ ẹrù kalẹ̀, ara ẹ̀ fúyẹ́, ó lè sá fún ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ẹyin lọ́wọ́ òtútù, ọ̀gbẹlẹ̀ àti èèrà? Èyí tó gbé oyún rìn lè gbé ọmọ ẹ̀ lọ síbi tó móoru, àmọ́ tí ẹyẹ bá gbé e pẹ́nrẹ́n, tìyá-tọmọ ló lọ yẹn.

Àfi bí ọ̀kan nínú wọn, tó wà lọ́dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé Fásitì Sydney, ṣe mú méjèèjì pọ̀. Ó yé ẹyin mẹ́ta. Ẹni tó bá rí i á ní ó ti parí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá, ló bá tún bí ọmọ kan láàyè, nínú oyún yẹn kan náà! Wọ́n tọ́jú ọ̀kan nínú ẹyin yẹn, ọmọ tó dá ṣáṣá ló jáde níbẹ̀. Camilla Whittington àti ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, Melanie Laird, ló kéde ẹ̀. Wọn ò tíì kọ irú ẹ̀ sílẹ̀ rí nípa ẹja, ẹyẹ, ejò tàbí ẹranko kankan tó ní eegun ẹ̀yìn.

Lójú àwọn ọ̀mọ̀wé, kì í ṣe àrà lásán. Ó ju ìgbà 100 lọ tí àwọn ejò àti aláǹgbá ti kúrò nídìí ẹyin yíyé bọ́ sídìí ọmọ bíbí, láti ayébáyé. Àmọ́ ta ló rí wọn níbi tí wọ́n ti ń sọdá? Oníka mẹ́ta yìí ló ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta. Àwọn ará Sydney sì ń bá a pàdé lẹ́yìnkùlé wọn, tí wọ́n bá ń tú àkìtàn ewé. Kò ní oró rárá.