Ohùn Inú Fóònù, Ìka Lórí Ìlà

Bí tròtrò, bọ́ọ̀sì kékeré ìgboro, bá já èèyàn sílẹ̀ ní ìkóríta Tech ní Kumasi, ní Ghana, ọgbà yunifásítì KNUST, tó bẹ̀rẹ̀ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 1952, wà ní apá kan títì; Ayigya wà ní apá kejì. Mo kọjú sí Zongo, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí àlejò. Hausa ni àwọn tó ń dín kóósé, àkàrà tiwọn, ń bá ara wọn sọ, Twi ni wọ́n fi ń dá oníbàárà lóhùn. Bí kì í bá ṣe òfin tí ìjọba Busia fi lé àwọn àjèjì, Yorùbá náà pẹ̀lú, kúrò ní Ghana ní 1969, mo gbà pé Yorùbá ìbá pọ̀ lẹ́nu wọn ju báyìí lọ.

Lábẹ́ páànù kan, ilé kéwú ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn tí mo kọ́kọ́ gbọ́ kì í ṣe ti àáfáà. Sheikh Mahmoud Khalil al-Husary ni, láti inú fóònù tí wọ́n gbé lé orí bẹ́ǹṣì. Ará Íjíbítì yìí ló kọ́kọ́ ka odidi Àlùkùránì sílẹ̀ fún rédíò ilẹ̀ wọn, ní 1961. Ó kú ní 1980, kò sì tíì dákẹ́ nílé kéwú. Ó ka gbólóhùn kan, àáfáà dá a dúró, àwọn ọmọ gbè é, ìka wọn lórí ìlà. Lẹ́yìn náà ọmọ kan dá kà, fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn sì tún un gbọ́.

"Níbo lo ti fò ó?"

"Níbí, Mallam."

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló mú àṣìṣe rẹ̀.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ọmọkùnrin kan ń kà bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú ẹrẹ̀: ọ̀rọ̀ kan, ó dúró, ọ̀rọ̀ kejì, ó tún dúró. Kó tó dé òpin gbólóhùn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti lọ lọ́kàn rẹ̀. Òun nìkan kọ́. Nígbà tí Ghana dán àwọn ọmọ Praimárì Kejì wò ní 2013, àwọn tó ń kàwé já geere, tó sì yé wọn, kò ju nǹkan bí 2 nínú 100 lọ.

Tíṣà wọn ti ka ojú-ìwé náà sínú fóònù tirẹ̀ nílé. Kò sáré kà á, kò sì já a wẹ́wẹ́. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ fi ìka tẹ̀ lé e láìsọ̀rọ̀, wọ́n wá bá a kà pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, lẹ́yìn èyí ó pa fóònù kí wọ́n lè dá kà. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Ní 1976, Carol Chomsky kọ̀wé ní Amẹ́ríkà nípa àwọn ọmọ márùn-ún tí wọ́n mọ lẹ́tà ṣùgbọ́n tí kíkà wọn ń ta kókó; ìwé orí téèpù ni wọ́n ń gbọ́ ní àgbọ́túngbọ́, tí wọ́n ń fojú bá a lọ, títí wọ́n fi ń kà á láìdúró.

Ní Zongo, ìṣòro kíkà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hausa kò sí nínú àwọn èdè tí Ghana fọwọ́ sí fún kíkọ́ ọmọ láti kàwé. Yorùbá náà kò sí níbẹ̀. Twi, ọmọ ń gbọ́ ọ ní ìgboro. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì, ta ni yóò kà á sókè fún un nílé? Ohùn tíṣà inú fóònù ló lè dí àyè yẹn.

Ewu rẹ̀ kan ni pé ọmọ lè há gbogbo ojú-ìwé sórí láìka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Tíṣà yìí mọ̀. Ó fi páálí bo ojú-ìwé, ó ṣí ìlà kan sílẹ̀ láàárín, ó ní kí ọmọkùnrin yẹn kà á. Ọmọ náà dúró lẹ́ẹ̀kan péré.

Ẹ̀yin tíṣà wa nílé, iṣẹ́ yìí kò ná yín ní dátà. Ẹ ka ìlà mẹ́wàá sínú fóònù yín lálẹ́ òní, kí ẹ sì rí i pé ìwé wà lọ́wọ́ ọmọ kó tó gbọ́ ọ.