Bí ẹ ṣe lè yan ìpápánu óòtì àti èso nílé láì fi ṣúgà sí i

Ọ̀pẹ òyìnbó, máńgòrò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kò ṣọ̀wọ́n ní ọjà Kejetia nílùú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana. Síbẹ̀, bísíkíìtì aládùn ni ọ̀pọ̀ òbí ń dì fún ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́.

Àjọ elétò ìlera lágbàáyé, WHO, ní kí ṣúgà àfikún, tó fi mọ́ oyin, má kọjá ìdá 10 nínú 100 agbára tí à ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́.

Ẹ gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ 2 tó pọ́n, kí ẹ pò ó mọ́ ife óòtì 2 àti òróró ṣíbí 3. Ẹ se ọ̀pẹ òyìnbó tí ẹ gé wẹ́wẹ́ títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ẹ tẹ́ ìdajì óòtì náà sínú páànù, ẹ da èso lé e, kí ẹ fi ìyókù bò ó. Ẹ yan án fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú nínú ooru 180°C, kí ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó gé e, kó má baà fọ́.

Èròjà beta-glucan inú óòtì máa ń jẹ́ kí ṣúgà rọra wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ kó dùn sí i, ẹ má ṣe fi oyin sí ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ó lè fa àìsàn botulism, tó lè gba ẹ̀mí ọmọ.