Ọjọ́ Ẹ̀bùn ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama: Ta Ni À Ń Yìn, Kí Ni Ó Sì Ṣe?

Bí oṣù keje ọdún bá ti ń lọ sí ìparí, tí ìdánwò sáà kẹta ti kásẹ̀ nílẹ̀, ó ṣòro kí ènìyàn la ìlú ńlá kan kọjá ní ilẹ̀ Yorùbá láìrí àtíbàbà tí wọ́n ta sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tàbí òmíràn. Ìyá ọlọ́jà á ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, bàbá awakọ̀ á fi mọ́tò sílẹ̀ ní gáréèjì, àwọn méjèèjì á jókòó sórí àga oníke, wọ́n á sì máa retí ìgbà tí wọn yóò pe orúkọ ọmọ wọn. Ọjọ́ ẹ̀bùn ni à ń pè é. Àwọn àgbà tí wọ́n kàwé láyé ìjọba òyìnbó a máa pè é ní "Speech Day" títí di òní. Ọ̀pọ̀ wa ló ti pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí a bi ara wa léèrè bí wọ́n ṣe ń yan àwọn tí wọ́n ń fún lẹ́bùn, àti ohun tí ọjọ́ náà ń sọ fún àwọn ọmọ tí a kò pe orúkọ wọn. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ àwọn ìjọ Kristẹni tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ni ètò yìí ti dé ọ̀dọ̀ wa. CMS Grammar School ní Èkó ni ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà. Oṣù kẹfà ọdún 1859 ni Thomas Babington Macaulay, ẹni tí ó fẹ́ ọmọ Àjàyí Crowther, tí ó sì jẹ́ bàbá Herbert Macaulay, ṣí i pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré. Methodist Boys' High School tẹ̀ lé e ní 1878. Abẹ́òkúta Grammar School dé ní 1908, Ìbàdàn Grammar School àti Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School ní 1913, Christ's School ní Adó-Èkìtì ní 1933. Àwòṣe ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń tẹ̀ lé: gbọ̀ngàn kan, alága kan, ìròyìn ọdún láti ẹnu ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, àti ìwé tí wọ́n to sórí tábìlì fún àwọn tí wọ́n ta yọ. Inú èèpo ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń lẹ bébà kékeré kan mọ́, tí orúkọ ọmọ náà, iṣẹ́ tí ó ti gba ipò kìn-ín-ní àti ìbuwọ́lùwé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wà lórí rẹ̀. Àwọn ilé kan ṣì wà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà nínú àpótí, tí ikán ti jẹ etí rẹ̀, tí bàbá àgbà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e dànù.

Kì í ṣe pé yíyin ọmọ ní gbangba jẹ́ nǹkan àjèjì sí wa. Kí òyìnbó tó dé ni ìyá ti ń ki ọmọ rẹ̀ lówùúrọ̀. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a fọkàn sí. Oríkì kò fi ọmọ kan wé èkejì. Ìyá tí ó ń ki Àjàní kò sọ pé ó ṣe ìkíní, kí Àlàó sì ṣe ìkejì. Oríkì Àlàó wà fún Àlàó, ó sì pé. Ọjọ́ ẹ̀bùn ní tirẹ̀ gbé àwọn ọmọ sórí ìwọ̀n kan náà, ó sì ní kí wọ́n wọn ara wọn. Èyí ní àǹfààní tirẹ̀, nítorí ó ń jẹ́ kí ọmọ tálákà borí ọmọ olówó lójú gbogbo ènìyàn. Àmọ́ bí ìwọ̀n náà bá wọ́, gbogbo ìlú ló ti rí i tí a fi ìwọ̀n wíwọ́ wọn ọmọ.

Ọ̀pá tí ó gbé ọjọ́ náà ró tẹ́lẹ̀ ni ìròyìn ọdún. Ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún nìyẹn tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ń dìde níwájú òbí, lọ́balọ́ba àti aṣojú ìjọba láti ròyìn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀: iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà, iye olùkọ́ tí ó lọ àti iye tí ó dé, ilé tí ìjì ṣí òrùlé rẹ̀, àti bí àwọn ọmọ ṣe ṣe nínú ìdánwò àṣekágbá. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lónìí, ìdúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá tí wọ́n wà níkàlẹ̀ ti gba ipò ìròyìn. Àdánù gbáà ni lójú tèmi, nítorí àwọn òbí gan-an ló yẹ kí ó máa béèrè rẹ̀.

Kódà bí wọ́n bá ka ìròyìn náà, ó ní bí a ṣe ń gbọ́ ọ. Ìdánwò WAEC, ìyẹn àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, ní ìpele mẹ́sàn-án, láti A1 dé F9. A1 títí dé C6 ni wọ́n ń pè ní kírẹ́díìtì. D7 àti E8 jẹ́ àṣeyege lásán. F9 ni ìkùnà. Kírẹ́díìtì márùn-ún, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò sì wà nínú wọn, ni ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ń béèrè. Nítorí náà, bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bá ní àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ òun ló yege, ìbéèrè tí ó kàn ni pé: ọmọ mélòó ló ní kírẹ́díìtì márùn-ún yẹn? Òbí tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí kò ní pàtẹ́wọ́ kí ó tó yẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí ẹ̀bùn fúnra rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n máa ń ro máàkì iṣẹ́ tí ọmọ ṣe láàárín sáà pọ̀ mọ́ ti ìdánwò ìparí sáà, wọ́n á wá pín àròpọ̀ sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí mẹ́ta. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù ni yóò gba ẹ̀bùn. Ó dún bí ohun tí kò lẹ́jọ́ nínú, ṣùgbọ́n ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ká ní ogójì ọmọ ló wà nínú kíláàsì kan, iṣẹ́ méjìlá ni wọ́n ń ṣe. Ẹni kìn-ín-ní ní 84.6, ẹni kejì ní 84.3, ẹni kẹta ní 84.1. Nínú àròpọ̀ máàkì 1,200 tí iṣẹ́ méjìlá ń mú wá, máàkì mẹ́fà péré ló wà láàárín ẹni kìn-ín-ní àti ẹni kẹta. Síbẹ̀, ọ̀kan gbé ife ẹ̀yẹ lọ sílé, èkejì jókòó.

Nínú kíláàsì kan náà, ọmọ kan ní 38 ní sáà kìn-ín-ní, ó ní 46 ní ìkejì, ó sì ní 57 ní ìkẹta. Ọmọ yìí ni ó ṣiṣẹ́ jù lọ nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ro sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, tí wọ́n sì pín in, 47 ni yóò jáde. Àwọn oṣù tí nǹkan kò dára á tún fà á sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tí yóò pe orúkọ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fi ya ẹ̀bùn ìtẹ̀síwájú sọ́tọ̀. Ìyàtọ̀ láàárín sáà kìn-ín-ní àti sáà kẹta ni wọ́n ń wò. Ìṣirò náà kò le, kò sì gba kọjá ìṣẹ́jú mélòó kan lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì. Bí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ yín kò bá ní i, ìpàdé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni ibi tí ẹ ti lè dá a lábàá.

Eré ìdárayá ilé sí ilé kò pọ̀ jù láti sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó ní ọjọ́ tirẹ̀, sáà kejì ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe é. Ẹsẹ̀ kì í purọ́: ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé orí ìlà, gbogbo ojú ló rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni eré tí àwọn ọmọ ń ṣe lọ́jọ́ ẹ̀bùn. Ewì, ijó ìbílẹ̀, orin akọrin, eré onítàn: nínú ìwé ètò, àárín ẹ̀bùn àti ẹ̀bùn ni wọ́n máa ń fi wọ́n sí, bí ẹni fi ewé dí ihò. Bí àkókò bá sì ti ń lọ, tí àlejò pàtàkì ń wo aago, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé kúrò. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ ijó á wá fi àtíkè àti ìlẹ̀kẹ̀ jókòó lẹ́yìn gbọ̀ngàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Mo rò pé ẹ̀kọ́ tí ó ń fara hàn nínú eré wọ̀nyí kò kéré sí èyí tí ó wà nínú ìwé èsì. Ẹ wo ọmọbìnrin kan tí ó fẹ́ ṣe Ẹfúnṣetán nínú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970, tàbí ọmọkùnrin tí ó fẹ́ ṣe Gáà nínú eré Adébáyọ̀ Fálétí ti 1972. Yóò há ọ̀rọ̀ púpọ̀ sórí. Yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ohùn ga àti ìgbà tí ìdákẹ́ jẹ́jẹ́ ń dẹ́rù bani ju igbe lọ. Yóò pe ohùn ọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ, nítorí bí ó bá pe ọkọ́ ní ọkọ̀ níwájú àwọn ìyá ọlọ́jà, ẹ̀rín ni wọ́n á fi dá a lóhùn. Ọmọ tí ó sì ń sun ràrà gbọ́dọ̀ ti mọ orílẹ̀ ẹni tí ó ń kì. Kò lè fi oríkì Olú-Òjé ki ọmọ Olókun Ẹṣin. Iṣẹ́ ìwádìí ni, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ilé ni ọmọ sì ti ń ṣe é. A kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé pé olùkọ́ ni Hubert Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládípọ̀ kí wọ́n tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ lórí ìtàgé.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ èdè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ètò dé òpin, Gẹ̀ẹ́sì ni atọ́kùn ètò ń sọ. Ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á jókòó fún wákàtí mẹ́ta, orúkọ ọmọ rẹ̀ nìkan ni yóò dá mọ̀. Ó rí i tí ọmọ gba ìwé, kò mọ ohun tí ọmọ ṣe tí wọ́n fi fún un. Owó ẹni tí ó san owó ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn o! Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin ní oṣù kejì ọdún 2018 pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn èdè Yorùbá ni wọ́n sábà máa ń pè kẹ́yìn, nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń dìde, àwọn ọmọ sì ń wo ipò tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ náà sí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ní Yorùbá lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti tó: "Ọmọ yìí ló mọ ìṣirò jù ní kíláàsì kẹta, ọmọ Ìyá Aláṣọ ni." Gbogbo gbọ̀ngàn á sì mọ ẹni tí wọ́n ń kí.

Àwọn nǹkan kan wà tí ń ba ọjọ́ náà jẹ́, a kò ní fi wọ́n pamọ́. Ní àwọn ibì kan, ọmọ ẹni tí ó dáwó jù ni orúkọ rẹ̀ ń jáde léraléra. Ní òmíràn, wọ́n ń fún gbogbo ọmọ ní pátákó ẹ̀yẹ kan kí inú òbí kankan má baà bàjẹ́, àwọn ọmọ náà sì tètè ń mọ̀ pé kò ní ìtumọ̀. Èyí tí ó burú jù ni kí wọ́n máa gbé oríyìn fún èsì tí màgòmágó ìdánwò mú wá. Ọmọ tí ó kọ ìdánwò tirẹ̀ lóòótọ́, tí ó sì gba C5, ń wo ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ fún lórí pátákó, tí ó gba B2, tí ó ń bọ alága lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tí yóò tún kọ́ ọmọ yẹn ní òtítọ́ lọ́dún náà.

Ẹ̀bùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ dá sílẹ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n á kó owó sí ilé ìfowópamọ́, èlé orí rẹ̀ ni wọn yóò máa fi ra ẹ̀bùn lọ́dọọdún ní orúkọ olùkọ́ wọn tí ó ti dolóògbé. Ṣùgbọ́n náírà kò dúró lójú kan. Owó tí èlé rẹ̀ ń ra ìwé atúmọ̀-èdè ńlá ní nǹkan bí ọdún 1980 lè máà ra ìwé àkọsílẹ̀ kan lónìí. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kí orúkọ olùkọ́ wọn má parẹ́ ní láti máa bù kún owó náà, tàbí kí wọ́n máa dáwó ẹ̀bùn ọdún kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó bá tó.

Lára ògiri gbọ̀ngàn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́, ẹ ó rí pátákó kan tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ olórí akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tí ó mókè jù lọ́dọọdún sí. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, orúkọ náà dúró lójijì ní ọdún kan. Kì í ṣe pé kò sí ọmọ tí ó mókè mọ́. Kò sẹ́ni tí ó pe akunlé ni, bẹ́ẹ̀ owó ọ̀dà náà kò tó owó àga oníke tí wọ́n háyà fún ọjọ́ ẹ̀bùn kan ṣoṣo.