Sìkélì Kékeré, Ṣé Òótọ́ Lò Ń Sọ?

Bí ẹ bá mú òrùka lọ bá ẹni tó ń ra wúrà àlòkù ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, sìkélì kan tí kò ju fóònù lọ ni yóò gbé síwájú yín. Òrùka gorí àwo, 4.62 gírámù yọ. Ọkàn yín balẹ̀, torí pé nọ́ńbà náà ní ìrù. Ìrù yẹn gan-an ló ń tan èèyàn.

Irin pẹlẹbẹ kan ló wà lábẹ́ àwo náà. Bí ẹrù bá gùn ún, á tẹ̀ díẹ̀, ojú ò lè rí i. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn á nà, iná tó ń gbà á kọjá á yí padà, ẹ̀rọ á sì tú u sí gírámù. Bí ilẹ̀ ṣe ń fa ẹrù mọ́ra ló ń wọ̀n, fífà yẹn sì le díẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ju Ìbàdàn lọ. Sìkélì tí wọ́n tò ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́ sí Bódìjà n'Ìbàdàn, á pe 100 gírámù ní nǹkan bí 99.7, àyàfi tí ẹ bá tún un tò.

Kí ẹ tó gba sìkélì gbọ́, ẹ gbé e sórí tábìlì tí kì í mì, kí ẹ pa fáànù. Kì í ṣe àṣejù o. Atẹ́gùn fáànù tó láti mú nọ́ńbà ìkẹyìn máa jó. Ẹ wọn òrùka kan náà nígbà mẹ́wàá, láàárín àwo àti létí rẹ̀. Bí iye rẹ̀ bá ń yàtọ̀, ẹ má wulẹ̀ bá a lọ síwájú.

Bó bá ń sọ ohun kan náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yí nìyẹn, kò tíì di òótọ́. Irin òṣùwọ̀n 50 gírámù ló ń yanjú èyí: 50 ló yẹ kí sìkélì pè é. Bí kò bá sí, owó ẹyọ 5 sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà tí kò tíì gbó máa ń wọn 5 gírámù. Mẹ́wàá rẹ̀ di 50. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé òrùka lé orí irin yẹn: 54.62 ló yẹ kẹ́ ẹ rí.

Ohun kan tún wà fún ẹni tó ń wọn eruku wúrà. Ọ̀pọ̀ sìkélì máa ń ka ìyàtọ̀ bíńtín sí òfo, kí nọ́ńbà má baà máa rìn. Bí ẹ bá ń dà á ní bíńtín-bíńtín, ó lè má kà á. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fi ọwọ́ ara wọn di ẹ̀tù sínú ọta ìbọn mọ ìyọnu yìí dáadáa. Ẹ gbé àwo kúrò, kí ẹ dá a padà, iye tó tọ́ á yọ.

Bí oníwúrà bá kọ̀ láti gbé irin 50 gírámù ka sìkélì rẹ̀ lójú yín, ẹ gba òrùka yín, kí ẹ máa lọ.