Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ta ni yóò bi yín léèrè eré ìdárayá lóṣù Kejìlá?

Títí oṣù Kọkànlá fi ń parí, ọ̀pọ̀ wa ṣì ń ṣe eré ìdárayá déédéé. Kí ọdún tó dé tán, ìgbéyàwó á bọ́ sí Sátidé, ìdúpẹ́ á tẹ̀ lé e, bàtà tá a fi ń sáré á sì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀, irú bí ìrìn kánmọ́kánmọ́. 30 ìṣẹ́jú nìyẹn, lọ́jọ́ márùn-ún. Ẹni tó jó lójú agbo títí òógùn fi bò ó ti ṣe nínú tiẹ̀, ẹ kà á mọ́ ọn!

Ohun tó ń dá wa dúró jù ni pé kò sẹ́ni tó ń béèrè. Ẹ wá ẹnì kan tí kì í gba àwáwí, bóyá àbúrò yín tàbí ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ má sọ fún un pé “màá gbìyànjú”. Ẹ sọ ọjọ́, ẹ sọ aago, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ máa rìn dé. Bẹ́ ẹ bá ṣe é tán, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kó gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń mí hẹlẹ. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, kó pè yín.

Ní ti oúnjẹ, ẹ jẹ ìrẹsì ọdún yín o. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni kẹ́ ẹ ṣọ́, torí ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀, kì í sì í yóni.

Bẹ́ ẹ bá pa ọjọ́ eré ìdárayá kan jẹ, ẹ má dúró de oṣù Kìíní. Ẹ padà sí i lọ́jọ́ kejì.